Àwọ̀n Tí Ó Ṣáájú Ti Àgbà

Bí ẹ bá rí mi lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Old Market, Lọ́kọ́ja, ẹ ò ní mọ̀ pé ojo ni mí. Bí mo ṣe ń gé aṣọ, tí mo ń bá àwọn oníbàárà fa ọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ọkùnrin ni mí délẹ̀. Omi nìkan ló mọ àṣírí mi. Ilé tí wọ́n bí mi sí kò jìnnà sí odò Ọya. Ẹni tí apá rẹ̀ bá le díẹ̀ lè dúró ní àgbàlá wa kó sọ òkò bọ́ sínú odò. Síbẹ̀, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé, mo máa ń ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Mo ti sọ ọ́ títí, èmi alára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, kò fi omi pe nǹkan kan ní tirẹ̀. Apẹja ló fẹ́, ní abúlé kan tó wà ní òdìkejì odò, láàárín àwọn tó ń sọ Núpé. Ẹja yíyan ló ń tà títí di òní, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà òjò tó kọjá. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí fún un, ọmọ náà sì ń wa tírélà símẹ́ńtì ní Obajana.

Lẹ́yìn abúlé ọkọ rẹ̀, adágún kan wà níbẹ̀. Bí odò Ọya bá kún lásìkò òjò, omi á ya bo gbogbo ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bó bá fà padà, á fi adágún yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja tó há sínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀ títí ọyẹ́ á fi mú dáadáa. Ọjọ́ kan ni wọ́n ń ṣí i lọ́dún, ọjọ́ náà sì ni ọdún wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní èèkàn tirẹ̀, igi gíga kan tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ abẹ́ omi, ìdí èèkàn yẹn ni wọ́n ti ń pa ẹja tiwọn. Òfin wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Kí oòrùn tó yọ, ọkùnrin kan láti ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti dúró nídìí èèkàn ilé rẹ̀, kí ó gbé àwọ̀n lé èjìká. Kò gbọ́dọ̀ jáde, àwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kan omi, àfi bí baba arúgbó tó ń ṣọ́ adágún náà bá kọ́kọ́ ki àwọ̀n tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Èèkàn tí wọn kò bá rí ẹni nídìí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọn á fà á tu lọ́jọ́ kejì, wọn á fi àyè náà fún ilé mìíràn. Kò tún sí pé ẹnì kan ń gbà á padà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló yẹ kó dúró. Èmi àti ìyàwó mi, ìran lásán la fẹ́ lọ wò. Ìyàwó mi ló fi ọ̀rọ̀ náà dè mí lọ́rùn pé lẹ́yìn ikú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, kò dáa ká jẹ́ kó dá lọ ọdún àkọ́kọ́. Mo gbà. Bí mo ṣe la odò yẹn kọjá nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, n ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Mo di igi etí ọkọ̀ mú títí atukọ̀ fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ yọ ọ́ lọ sílé ni.

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, ọmọ náà pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Wọn ò tíì já ẹrù orí tírélà rẹ̀, ọ̀pọ̀ tírélà ṣì wà níwájú rẹ̀, bó bá sì fi ọkọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jà. Ó ní kó jẹun, kó má sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá ń wò mí.

Mo ti mọ ohun tí ìwò yẹn ń sọ. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ kò ní àbúrò, bóyá kò ní ìbátan kankan. Ó ní mo mọ̀ pé kò ní. Mo ní ká wá ẹnì kan ní abúlé. Ó ní gbogbo ọkùnrin abúlé ló ní èèkàn tirẹ̀ láti dúró tì, àwọn tí kò ní, àwọn ọmọ aládùúgbò òun ni, ọkùnrin tí èèkàn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ọmọkùnrin mẹ́jọ ni ọkùnrin yẹn bí, àyè kan kò sì tó wọn mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ti ń bi í bóyá ọmọ rẹ̀ á lè wá.

"Omi ibẹ̀ kò ju àyà lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo bi í pé àyà ta ni. Ó ní àyà ọkọ òun. Ọkọ rẹ̀ fi orí kan gùn jù mí lọ.

Mo rò pé òfin wọn á gbà mí sílẹ̀. Mo ní kó lọ bi baba tó ń ṣọ́ adágún bóyá àna lè dúró fún ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó lọ, kò pẹ́ tó fi padà. Baba kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹni tí ẹ bá mú wá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́. Ìyàwó mi ní òun ti bá mi yọ ṣòkòtò kan tí kò wúlò mọ́ sílẹ̀, èyí tí mo rán fúnra mi láti ara aṣọ tó ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ọyẹ́ ti mú débi pé ètè mi ti là sí méjì. Kùrukùru bo ojú omi, n kò rí òdìkejì. Àwọn ọkùnrin yòókù ń wọlé sómi bí ẹni ń wọ yàrá wọn. Èmi fi ẹsẹ̀ kan kàn án, mo yọ ọ́, mo tún fi kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi, síbi tí mo máa gbà bí mo bá fẹ́ sá. Mo ṣe Bísímílláì, mo wọlé.

Òtútù yẹn kò ṣeé júwe. Ó gba abẹ́ wọlé, ó gun ikùn, ó wá dúró sí àyà mi bí ẹni tó wá gba ilé. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ẹrẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ mi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, omi tó mọ ní àyà fún un, àgbọ̀n ni ó fi ń kí èmi. Mo dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo fi apá kan di èèkàn mú, mo fi èkejì di àwọ̀n mú lórí èjìká.

Aládùúgbò ọlọ́mọ mẹ́jọ ti wà nídìí èèkàn tirẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń jẹ obì. Ó kí mi dáadáa, ó kí mi kú àárọ̀, kú ọyẹ́, kú àṣẹ̀yìndè àna. Lẹ́yìn náà ló ní, "Télọ̀, ṣé omi lẹ wá wọ̀n? Ẹ ti na apá jù." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn kí wọ́n má baà gbọ́ bí eyín mi ṣe ń lura wọn.

Bí oòrùn bá ti kan orí igi àgbọn kan tó wà létí omi, baba á ki àwọ̀n bọ omi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Oòrùn kan orí igi. Baba jókòó sórí àpótí kékeré létí omi, àwọ̀n rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò mira. Mo rò pé kò rí oòrùn náà dáadáa. Mo fẹ́ fi hàn án.

Àṣé lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti pe àlejò pàtàkì kan láti ìlú, ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ti gbé àtíbàbà kalẹ̀, wọ́n to àga sábẹ́ rẹ̀, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ti lọ bẹ baba pé kó má ṣí omi kí àlejò tó dé. Ọ̀dọ́ kan sì wà tó di makirofóònù mú, ó ń fi Núpé, Yorùbá, Haúsá àti Píjìn sọ fún wa pé ká ṣe sùúrù, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní wọ́n ti dé etí odò. Oòrùn kúrò lórí igi, ó gun òkè. Ó ní wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Ó tún pẹ́ gan-an, ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin arúgbó kan nínú omi ọyẹ́ tó dé àgbọ̀n, tí wọ́n ń sọ fún un pé ẹni tó ń dúró dè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ bàtà. Mo bú àlejò yẹn nínú ọkàn mi, mo bú bàbá rẹ̀, mo bú ẹni tó rán aṣọ rẹ̀, mo sì gbàdúrà pé kó má jẹ́ èmi. Mo pariwo sí ìyàwó mi létí omi pé irú ìwà wo nìyí, pé ẹni tó bá dá àkókò fún èèyàn, ó yẹ kó dé lákòókò.

Ìyàwó mi kò tilẹ̀ ronú kó tó fèsì.

"Bàbá wọn, ẹ wá mọ bó ṣe ń rí lára àwọn tí ẹ máa ń ní kí wọ́n padà wá lọ́la."

Àwọn obìnrin tó wà létí omi bú sẹ́rìn-ín, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Abọ́ ńlá mẹ́ta ló gbé wá, ó to wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹja tó bá rí lọ́jọ́ yẹn, òun ló ń yan tà títí ọyẹ́ á fi kásẹ̀ nílẹ̀; àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń béèrè láti ìgbà tí omi ti fà. Kò jókòó láti àárọ̀. Bí mo bá ti yí ojú sí etí omi, á rọra mi orí, pé má jáde.

N ò jáde. Kí ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé n ò jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan kan kan ẹsẹ̀ mi. Ó rọ̀, ó gùn, ó yí mọ́ ojúgun mi lẹ́ẹ̀kan, ó tú, ó tún yí mọ́ ọn. Mo ti gbọ́ ìtàn òjìjí láti kékeré, ẹja tó ń gbọn èèyàn bí iná mànàmáná, tí alágbára á fi ṣubú sínú omi láìlè pe ìyá rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kí n fara balẹ̀. Ara mi kò gbọ́. Mo ké, mo fò, mo sì fi gbogbo agbára mi gbé àwọ̀n èjìká mi lu omi níbi tí nǹkan náà wà.

Ìró rẹ̀ dún. Àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí kùrukùru kò jẹ́ kí wọ́n rí baba, rò pé ó ti ṣí i. Àwọ̀n kan wọ omi, òmíràn wọ omi, kí n tó mí, gbogbo adágún ti ru, ẹja ń ta, àwọn ọkùnrin ń pariwo, ẹni tó di makirofóònù mú ń bẹ wọ́n pé àlejò ti wà nítòsí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àwọ̀n baba ṣì gbẹ lórí itan rẹ̀. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Aládùúgbò ọlọ́mọ mẹ́jọ na ìka, ó sọ ọ́ ní Núpé kó tó tún un sọ kí èmi náà lè gbọ́, pé ìdí èèkàn yìí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Baba pè mí wá sétí omi. Ó fi Yorùbá bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní òjìjí ni, Baba. Ó ní dà á. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ wá a lẹ́sẹ̀ mi, ohun tó bá mi lọ́wọ́ jáde ni ọ̀já ṣòkòtò mi. Ó ti tú, ó gùn jù nítorí pé èmi tí mo rán an fẹ́ lo gbogbo aṣọ tó ṣẹ́ kù, ó sì ti ń wẹ̀ yí mi ká láti àárọ̀.

Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Lọ́kọ́ja. Baba kò rẹ́rìn-ín. Aládùúgbò náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò bínú sí télọ̀, àlejò kò mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àlejò, a jẹ́ pé èèkàn ilé yẹn kò ní ẹni nídìí rẹ̀ láti àárọ̀.

Baba yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó rọra sọ̀rọ̀, gbogbo èèyàn sì gbọ́.

"Ìyàwó wa, ìwọ lo máa sọ ọ́. Bí ọkùnrin yìí bá jẹ́ àlejò, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò kan ilé yín. Ẹ ó kó ẹja tòní, lọ́la a ó fa èèkàn yín tu. Bó bá jẹ́ ti ilé yín, èèkàn yín dúró. Ṣùgbọ́n ilé yín ló ki àwọ̀n ṣáájú mi, ẹja kan ò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé yín délé lónìí."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ pé àlejò ni mí, kí ẹ̀gbọ́n mi gba ẹja rẹ̀, kó fi èèkàn sílẹ̀, pé ọmọ tírélà kò tún ní padà wá di apẹja. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sí mi kí n dákẹ́. Ó wo abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wo èèkàn ọkọ rẹ̀. Ó yíjú sí baba.

"Àbúrò mi ni. Láti àárọ̀, ẹsẹ̀ ilé wa ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi ka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn."

Baba ní ó dáa. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ padà dúró síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn, kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi, ó ki àwọ̀n tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kò sì wo àtíbàbà lẹ́ẹ̀mejì.

A jókòó, a ń wò wọ́n. Ẹja àrọ̀ tó tó apá mi ni àwọn ọmọ mẹ́jọ yẹn ń fà jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn wa gan-an, ẹja tó jẹ́ pé ká ní mo di ṣòkòtò mi dáadáa, tiwa ni. Ìyàwó mi da aṣọ bò mí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú.

Nígbà tí wọ́n ti ń ká àwọ̀n, àlejò pàtàkì dé. Wọ́n fún un ní ẹja tó tóbi jù, ó gbé e dání, wọ́n ya fọ́tò. Bó ṣe ń kọjá lọ, ó rí mi tí mo ń gbọ̀n nínú aṣọ ìyàwó mi, ó dúró, ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Baba, ṣé ẹ rí pa? Mo wo ẹnu rẹ̀. Mo ní a dúpẹ́. Títí di òní, mo ṣì máa ń ronú sí èsì tó yẹ kí n fún un, wọ́n sì ti tó bí ogún báyìí, ọ̀kan dáa ju èkejì lọ.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lura wọn lórí ara wọn. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, pé òun kò bínú, ó rẹ òun ni. Irọ́ ni, ó ń bínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹja yìnyín ní ilé olótùútù, ó ń yan ìyẹn tà. Láti ibi ẹ̀rọ mi, mo ń gbọ́ àwọn oníbàárà tó ń ráhùn pé èyí kò dùn bíi ti ọdún tó kọjá, kí ló dé. Á ní omi kò ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Kò dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ìbá tilẹ̀ dárúkọ mi, ó máa sàn fún mi.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti Obajana, ó ní òun gbọ́, ó ń dín ẹ̀rín kù nítorí mi. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ òun á gba ìsinmi ṣáájú, òun á dúró. Ìyá rẹ̀ ní kò ṣeé ṣe, àbúrò òun ni wọ́n ní kó dúró.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń lọ sí etí odò lẹ́yìn ọjà. Mo máa ń so ọ̀já ṣòkòtò mi ní kókó mẹ́ta, mo máa ń wọlé. Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ níbẹ̀ kọ́kọ́ ń bi mí pé kí ló sọnù. Wọn ò bi mí mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi dé orúnkún mi. Mo dúró síbẹ̀, mo di afẹ́fẹ́ mú níbi tó yẹ kí èèkàn wà, mo sì ń bínú sí gbogbo ayé títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Lẹ́yìn náà mo jáde, mo padà sídìí ẹ̀rọ, ẹnì kan sì ti ń dúró dè mí nítorí aṣọ rẹ̀.